Yóògà Kì Í Ṣe Àrà Dídá

Bí èèyàn bá dárúkọ yóògà ní Bódìjà tàbí ní Ring Road ní Ìbàdàn lónìí, ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń gbọ́. Àkọ́kọ́ ń wá láti orí pẹpẹ àti láti ibi wáàsì: pé ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni, pé ẹni tó bá ká ẹsẹ̀ jókòó báyẹn ti forí balẹ̀ fún òrìṣà tí kò mọ̀ rí. Èkejì ń wá láti ojú fóònù: pé ẹni tó bá lè ká ara rẹ̀ bí òkùn, tó lè fi orí dúró kó sì na ẹsẹ̀ sókè, òun ni yóògà rẹ̀ kún ojú òṣùwọ̀n. Àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kì í bára wọn mulẹ̀, síbẹ̀ àṣìṣe kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Wọ́n gbà pé inú ìdúró ara ni agbára yóògà wà. Ẹni tó ń bẹ̀rù gbà pé ìdúró náà lè ba ẹ̀mí òun jẹ́. Ẹni tó ń fi í yangàn gbà pé àrà tó le jù ló ń wo ara sàn jù. Ìtàn yóògà kò gbè wọ́n, ìwádìí àwọn oníṣègùn náà kò sì gbè wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Yoga Sutra, tí wọ́n ń pè ní ti Patanjali, ni ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ yóògà òde òní kà sí ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ó ti tó nǹkan bí 1,600 ọdún. Gbólóhùn kéékèèké bíi 196 ló wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, mẹ́ta péré ló sọ̀rọ̀ tààrà nípa bí ara ṣe máa wà, ohun tí wọ́n sì ní kí èèyàn ṣe kò ju kó jókòó ṣinṣin lọ, kí ìjókòó náà sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò sí ìforídúró níbẹ̀, kò sí kíká ẹsẹ̀ sẹ́yìn ọrùn. Ìwà, èémí, àti bí ọkàn ṣe lè dúró lójú kan ló gba ìwé náà kan. Ìwé mìíràn, Hatha Yoga Pradipika, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, sọ̀rọ̀ nípa ìdúró ara ju ti Patanjali lọ, ṣùgbọ́n 15 péré ni òun náà ṣàlàyé, ìjókòó ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Níbo wá ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún àrà tí à ń rí lójú fóònù ti wá? Mark Singleton tú èyí wò nínú ìwé rẹ̀, Yoga Body, tó jáde ní ọdún 2010. Ní àwọn ọdún 1930, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Krishnamacharya ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní yóògà lábẹ́ àtìlẹ́yìn ọba Mysore ní gúúsù Íńdíà. Lákòókò yẹn, eré ìdárayá àwọn òyìnbó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àti bárékè àwọn ọmọ ogun ní Íńdíà, ìjàkadì ìbílẹ̀ àti eré àwọn géńdé náà sì wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ìgbà náà mú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n pò ó mọ́ yóògà àtijọ́. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹ̀yìn Krishnamacharya ni B.K.S. Iyengar, ẹni tí ìwé rẹ̀, Light on Yoga, jáde ní ọdún 1966 pẹ̀lú nǹkan bí 200 ìdúró àti àwòrán rẹpẹtẹ. Ìwé yẹn àti irú rẹ̀ ló gbé àrà dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn kan ń sá fún bí ètùtù àtayébáyé, tí àwọn mìíràn sì ń tà bí àṣírí ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún, kò tíì ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Èyí kò sọ pé kò sí ẹ̀sìn nídìí yóògà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀ ni. Láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, Búdà àti Jáìnì ló ti dàgbà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ yóògà kan ṣì wà títí dòní tí wọ́n ń ké pe orúkọ òrìṣà, tí wọ́n sì ń gbé ère síwájú. Ìjọsìn nìyẹn, ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á ní ẹ̀tọ́ láti yà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn àti àníyàn ló sọ ọ́ di ìjọsìn, kì í ṣe bí eegun ẹ̀yìn ṣe tẹ̀. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe press-up ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ṣì ń pè ní Líbátì, ń fi àyà kan ilẹ̀, ó ń dìde, ó tún ń fi àyà kan ilẹ̀. Ọmọ tó ń kí bàbá rẹ̀ ní òwúrọ̀ náà fi àyà kan ilẹ̀. Ìdúró ara kan náà ni, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò bi oní-press-up pé ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Àwọn aláṣẹ ẹ̀sìn tó fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní ọdún 2009, ìgbìmọ̀ àwọn àfáà àgbà ní Indonesia ní yóògà tó ní ààtò ìsìn Híńdù nínú jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn ń ṣe fún eré ìdárayá lásán kò ní wàhálà. Saudi Arabia, níbi tí Mẹ́kà wà, fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá ní ọdún 2017. Ní ọdún 1989, lẹ́tà kan jáde láti Vatican nípa àdúrà àṣàrò. Ó kìlọ̀ fún àwọn Kátólíìkì kí wọ́n má ṣe fi ìtura ara pe ìbẹ̀wò Ẹ̀mí Mímọ́, síbẹ̀ kò ní kí wọ́n da gbogbo ọ̀nà tó ti ìlà-oòrùn wá nù.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú ara èèyàn mú ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ yé ni. Ní ọdún 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú BMJ, ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kó èèyàn 23 tí ara wọn dá jọ. Wọ́n ní kí wọ́n ka àdúrà rósárì ní èdè Látìn. Nígbà mìíràn, wọ́n ní kí wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ kan tí àwọn oníyóògà ń kà ní àkàtúnkà. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń mí tó ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Yálà rósárì ni wọ́n ń kà tàbí ọ̀rọ̀ yóògà, èémí àwọn èèyàn wọ̀nyí lọ sílẹ̀ sí bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, ọgbọ́n tí ara fi ń ṣàtúnṣe ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ já fáfá sí i. Bí a bá ń mí sínú, ọkàn a máa yára díẹ̀. Bí a bá ń mí síta, a máa rọra lù. Bí èémí bá ṣe gùn tó, pàápàá èyí tó ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ara ń gbọ́ ọ pé kò sí ewu nítòsí. Kò sí ẹni tó ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn ọrùn nínú ìwádìí yẹn, ẹ̀sìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà ti wá.

Ó kan àwọn tó gbà pé àrà ló ń wo ara. Ẹ̀yìn ríro wà lára àwọn àìsàn tí wọ́n ti ṣèwádìí yóògà lé lórí jù, ó sì kan ìlú tí àwọn awakọ̀ Máíkírà ti ń ká gúlọ́ sídìí ọkọ̀ láti ìdájí, láti Challenge dé Dùgbẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní Boston, wọ́n pín èèyàn 320 tí ẹ̀yìn ti ń ro wọ́n tipẹ́ sọ́nà mẹ́ta: àwọn kan ṣe yóògà jẹ́jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, àwọn kan lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn fisiotẹ́rápì, àwọn kan sì gba ìwé ìtọ́ni. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé yóògà kò rẹ̀yìn sí fisiotẹ́rápì. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ní ìyókù. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ àjọ Cochrane kó ìwádìí 21 jọ, èyí tí èèyàn 2,223 kópa nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé yóògà sàn díẹ̀ ju kí èèyàn má ṣe eré ìdárayá kankan lọ. Àmọ́ bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ eré ìdárayá mìíràn fún ẹ̀yìn, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ká ní àwọn ìdúró náà ní oògùn kan tí wọ́n dá ní ni, ibẹ̀ ni ì bá ti hàn.

Àrà tilẹ̀ lè ṣe ìpalára. Ìforídúró wà lára àwọn ìdúró tí orúkọ wọn ń jáde jù nínú ìròyìn ìpalára yóògà tí àwọn oníwádìí kó jọ ní ọdún 2013. Bí èèyàn bá fi orí dúró, ìfúnpá inú ẹyinjú rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Ẹ wá ronú kan ìyẹn nílẹ̀ wa. Ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú èèyàn 100 tó ti pé ogójì ọdún, nǹkan bí márùn-ún ló ní gúlákómà, àìsàn tí ìfúnpá inú ojú máa ń dá kún, tó sì ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora. Ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ni kò mọ̀ pé ó ń ṣe wọ́n. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láìmọ̀ náà kò lóǹkà. Àgbàlagbà tó rí fídíò kan lálẹ́, tó sì fi orí dúró, tó gbé ẹsẹ̀ ti ògiri ní pálọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ń fi ojú rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Kó kọ́kọ́ lọ yẹ ojú àti ìfúnpá wò, yálà ní ilé ìwòsàn UCH tàbí ní ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ ọn.

Kí wá ni yóògà tí a fara balẹ̀ ṣe? Ẹ mú akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Kó sún wá sí etí àga, kó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó na ẹ̀yìn láìfi í le gan. Kó gbé ọwọ́ kan lé ikùn. Kó gba imú mí sínú, kó ka ení dé ẹ̀rin bí ikùn ṣe ń gbé ọwọ́ náà sókè. Kó mí síta pẹ̀lẹ́, kó ka ení dé ẹ̀fà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà rẹ̀, ìṣẹ́jú kan ti pé. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mélòó kan, kó gbé ọwọ́ òsì lé orúnkún ọ̀tún, kó sì máa rọra yí àyà sápá ọ̀tún bí èémí ṣe ń jáde, kó dúró níbi tí ara bá ti ní ó tó, kó padà, kó ṣe ti òsì. Jẹnẹrétọ̀ yóò máa hó lábẹ́ fèrèsé. Ọkàn yóò sá lọ sórí owó ilé, yóò sá lọ sórí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ láàárọ̀. Ìyẹn kò bà á jẹ́. Mímú un padà wá sórí èémí, láìbínú, ni eré ìdárayá náà gan-an. Àwọn kan ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá sọ ọkàn rẹ̀ dòfo ti ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀mí àìmọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọkàn dòfo níbí; iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a gbé lé e lọ́wọ́.

Èémí yìí kan náà ni òṣùwọ̀n. Bó bá ti di pé èèyàn ń há èémí mọ́lẹ̀ kó tó lè débi ìdúró kan, ó ti kọjá ààlà ara rẹ̀. Bí ìrora bá gún un lójijì, tàbí tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń kú, kó dúró.

Ní ti ọpọlọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta, kọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná, tó ń dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, tí ìwé kò sì wọlé mọ́ bí wọ́n ti ń kà á tó. Mímí pẹ̀lẹ́ àti nínara lè mú kí irú ara bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè dípò oorun, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè dípò dókítà. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ ní ọdún 2020 fi hàn pé nǹkan bí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣe àṣàrò ló ní ìrírí tí kò dára, irú bí ìpayà. Ẹni tí kò róorun sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó ń ro ikú, kó má ṣe jókòó nìkan kó di ojú. Kó lọ sí ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò gbọdọ̀ torí yóògà jù ú sílẹ̀.

Bí ẹnì kan bá wá ṣí kíláàsì yóògà sí àdúgbò yín, ẹ má ṣe fi orúkọ rẹ̀ dá a lẹ́jọ́, ẹ má sì ṣe fi bí olùkọ́ náà ṣe rọ̀ bí ewéko gbà á wọlé. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ní kí ẹ kà, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń ké pè. Ẹ wò ó bóyá ó bèèrè nípa ojú, ẹ̀jẹ̀ ríru, oyún àti ẹ̀yìn yín kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ń fi ọwọ́ ti ara yín lọ síbi tí kò fẹ́ dé. Bí ìdáhùn bá tẹ́ ẹ̀rí ọkàn yín àti dókítà yín lọ́rùn, ẹ jókòó kí ẹ mí. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè ṣe tiyín lórí àga onírọ́bà nílé, ẹ ò pàdánù ohunkóhun tí àwọn ìwádìí wọ̀nyí rí.