Bí Ọlọ́pàá Ìbílẹ̀ Ṣe Di Ọ̀kan Pẹ̀lú Ọlọ́pàá Àpapọ̀

Ṣáájú ọdún 1966, oríṣi ọlọ́pàá méjì ni ó wà ní Ẹkùn Ìlọrin, tí Ọ̀fà àti Ilemona jẹ́ ara rẹ̀: ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tí ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀sùn gbilẹ̀ nígbà náà pé àwọn òṣèlú ń fi ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ni àwọn alátakò wọn lára.

Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1966, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, tí Alhaji Yusuf Gobir, ọmọ Ìlọrin, jẹ́ alága rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1972, a ti pa ọlọ́pàá méjèèjì pọ̀. Abala 214 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ìdí èyí múlẹ̀ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà yóò ní.

Nítorí náà, ọdẹ àti fijilanté jẹ́ olùrànlọ́wọ́; wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá mú afurasí, kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá sẹ̀ríà fún un.