Àkísà Àgbà Lára Ọkọ̀ Àtijọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìrírí àgbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òwe náà ń sọ. Àkísà fúnra rẹ̀ kì í jọ wọ́n lójú. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ṣe, àkísà gan-an ni ọrọ̀. Olówó lè ra táyà tuntun, kó ra awọ tuntun fún ìjókòó, kó kun ọkọ̀ lọ́dà títí yóò fi máa dán gbinrin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti da ògbólógbòó irin rẹ̀ nù, ọ̀nà àtirí irú rẹ̀ jìn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ nígbà náà ló fà á. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń fi fáìlì rẹ́ irin díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ojú ibi tó fẹ́ fi sí mu. Irin tó wọ inú ọkọ̀ yìí lè má wọ inú ìkejì rẹ̀ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ohun tí Cadillac ṣe ní 1908 fi ya àwọn onímọ̀ ọkọ̀ lẹ́nu. Wọ́n kó ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí pápá ìsáré Brooklands ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tú wọn palẹ̀ lójú ẹgbẹ́ Royal Automobile Club, wọ́n da irin ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra, wọ́n yọ 89 kúrò níbẹ̀, wọ́n fi tuntun rọ́pò wọn, wọ́n sì tò wọ́n padà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ọkọ̀ náà sá máìlì 500. Ife-ẹ̀yẹ Dewar ni wọ́n gbà.

Ọdún yẹn kan náà ni Model T ti Ford jáde. Títí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1927, ó ti lé ní mílíọ̀nù 15. Ọkàn ẹni tó ní i lónìí lè balẹ̀, torí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ṣì wà tó ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ ní tuntun. Síbẹ̀, òun náà ní ìnira tirẹ̀. Òòfà 16 tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ló ń pèsè iná tó ń ràn mọ́ epo, agbára òòfà náà a sì máa dín kù bó bá ti ń pẹ́, àfi kí wọ́n tún un fún lágbára. Igi hickory tó wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbẹ, a sì máa mì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ju Model T lọ lọ́jọ́ orí. Lọ́dọọdún, ní oṣù kọkànlá, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1905 ń gbéra láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Brighton. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti kógbá wọlé tipẹ́. Bí irin kan bá ṣẹ́ lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọn ò sì rí òmíràn, àfi kí wọ́n yọ́ irin, kí wọ́n dà á sínú iyanrìn tí wọ́n ti tẹ àwòṣe sí. Èyí tó ṣẹ́ ló di olùkọ́ nígbà náà: ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn gígùn àti ìbú, ibi tí ihò wà àti ibi tó nípọn. Wọn kò sì gbọdọ̀ kàn tẹ òun fúnra rẹ̀ sínú iyanrìn, nítorí irin yíyọ́ a máa súnkì bó bá tutù. Ọmọ yóò kéré ju ìyá lọ, kò sì ní wọ ibi tó yẹ. Agbẹ́gi ni yóò kọ́kọ́ fi ìṣirò gbẹ́ àwòṣe tó tóbi jù ú lọ díẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ó sì yẹ ká bu ọlá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kàn ń kun ọkọ̀ lọ.

Kí wọ́n tó dórí irin yíyọ́, ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ná. Ẹni tó bá ti rìn ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀, ní Mushin, kò ní ṣàjèjì ní Hershey, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, níbi tí ẹgbẹ́ Antique Automobile Club of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, ti ń pàdé lóṣù kẹwàá láti 1955, tí wọ́n sì ń ná ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́ níbẹ̀. Ní Beaulieu, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ọjà bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Àtùpà tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, kàbùrétọ̀ tó dípẹtà, àjákù ẹ́ńjìnnì: gbogbo rẹ̀ ló ń rí olówó. Oníbàárà tó gbọ́n a máa mú ìwọ̀n àti àwòrán ohun tó ń wá dání.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ bàbá yín àgbà ṣì wà lẹ́yìnkùlé, ẹ má tíì jẹ́ kí àwọn tó ń ra àlòkù irin gbé e lọ. Kí mẹkáníìkì tó tú ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ sára irin kọ̀ọ̀kan, ẹ di bóòtù rẹ̀ sínú ọ̀rá. Èyí tó ṣẹ́, ẹ tọ́jú òun náà títí tuntun yóò fi wọ ipò rẹ̀, tí ọkọ̀ yóò sì ṣiṣẹ́.