Ta Ni Ó Ń Gbé Àkóràn Wọ Adágún Ẹja Àrọ̀ ní Ìlú Kàdúná?

Ẹni tí ó bá ti ka ohun tí àwọn onímọ̀ ń kọ nípa odò Kàdúná yóò ti rí i pé ẹ̀bi ni wọ́n sábà máa ń dá odò náà: pé aró àti oògùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ Kakuri dà sínú rẹ̀, àti ìdọ̀tí tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo ń tú sí odò Rómì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni ó ba omi jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja kò fi rójú gbé inú rẹ̀ mọ́. N kò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ti ibẹ̀ fò dé ibi tí n kò lè bá wọn dé, tí wọ́n ń wí pé odò kan náà ni ó ń kó àrùn ran ẹja àrọ̀ tí a ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé ní Barnawa, ní Sabon Tasha àti ní Rigasa. Èyí ni mo fẹ́ takò, nítorí pé ibi tí a bá di ẹ̀bi rù ni a óò ná owó ìtọ́jú sí.

Ohun kan wà tí wọn kò kà sí. Ilé-iṣẹ́ Kaduna Textiles ti kógbá sílé ní 2002, United Nigerian Textiles náà tì ní 2007, bí ó tilẹ̀ tún ṣí díẹ̀ lẹ́yìn náà. Síbẹ̀ igbe àwọn ọlọ́sìn ẹja kò dákẹ́. Èyí tí ó tún ju ìyẹn lọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú adágún tí à ń wí kò fojú kan odò rí: símẹ́ńtì ni a fi mọ wọ́n, tàbí tapọ́línì tí a ta mọ́ pákó, kànga tàbí bóòhólù ni ó sì ń fún wọn ní omi.

Ìyàtọ̀ kan wà tí a kò tíì gbé yẹ̀ wò dáradára, òun ni èyí tí ó wà láàárín ibi tí àrùn fi ṣe ilé àti ohun tí ó fi ṣe ẹsẹ̀. Kòkòrò Aeromonas hydrophila, tí ń mú kí ikùn ẹja wú, kí ara rẹ̀ pọ́n, kí egbò sì bò ó, fi gbogbo omi tí kò ní iyọ̀ ṣe ilé. Kódà a ń rí i nínú ìfun ẹja tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Irú èyí kò wá ẹsẹ̀ rárá. Ó ń retí kí a kó ẹja pọ̀ jù, kí àjẹkù oúnjẹ rà sínú omi, kí àwọ̀n bó ẹja lára, kí ó tó dìde. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ọ̀tọ̀ pátápátá ni Ichthyophthirius multifiliis, afòmọ́ tí ń fi àmì funfun wínníwínní sára ẹja, a-bọ́-lára-ẹja-wọlẹ̀-adágún, ọ̀kan ṣoṣo tí ń di ọgọ́rọ̀ọ̀rún kí ó tó tún gbéra. Ọmọ rẹ̀ tí kò bá rí ẹja fara mọ́ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta yóò kú. Nítorí náà, omi tí a fà láti abẹ́ ilẹ̀, níbi tí ẹja kò sí, kò lè gbé e wá. Bí a bá bá a nínú tánkì ní Rigasa, ẹnìkan ni ó gbé e wọlé, bóyá lára ọmọ ẹja tí a kó láti ìhà gúúsù wá, bóyá nínú àwọ̀n tútù tí a yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹnìkan lè wí pé lékeléke náà lè fi ẹsẹ̀ gbé e. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò jọ pé lékeléke ni ó ń wọ tánkì tí a bò mọ́lẹ̀.

Àwọn tí ń sin ẹja sámọ́nì pàápàá, tí inú òkun ni àgò wọn wà, ti rí irú èyí. Nígbà tí ISA, àrùn fáírọ́ọ̀sì tí ń pa sámọ́nì, bẹ́ sílẹ̀ ní Scotland ní 1998, ìwádìí fi hàn pé ọkọ̀ ojú omi tí ń kó ẹja láàyè láti oko kan dé èkejì wà lára ohun tí ó gbé e lọ sí ibi jíjìnnà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tí omi kan náà ti yí oko mélòó kan ká, kí ni a óò wí nípa Kàdúná, níbi tí kò sí nǹkan kan tí ó so tánkì kan pọ̀ mọ́ èkejì bí kò ṣe oníbàárà, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ àti àwọ̀n rẹ̀? Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani.

Ọ̀ràn oògùn kò gba àlàyé púpọ̀. Nígbà ọyẹ́, tí omi tutù tí ara ẹja sì rọ, tẹtirasáíkílìnì ni ọ̀pọ̀ ń sáré lọ rà ní kẹ́míìsì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pa afòmọ́ yẹn, kò sì lè pa olú Saprolegnia tí ń hu bí òwú lára ẹja. Àwọn kan ń tọ́ka sí Nọ́wè, tí ó lo oògùn apakòkòrò tí ó súnmọ́ 50 tọ́ọ̀nù fún ẹja ní 1987, tí kò sì lo tó tọ́ọ̀nù kan mọ́ lọ́dún lóde òní, wọ́n ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ṣe é. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì ìtàn ni. Ní erékùṣù Faroe, lẹ́yìn ọṣẹ́ tí ISA ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, òfin ni pé ẹja ìran kan ṣoṣo ni yóò wà ní ojú oko kan, a ó sì fi ojú oko náà sílẹ̀ lófìfo kí òmíràn tó wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ń sin àrọ̀ ní Kàdúná lè ṣe èyí láìná kọ́bọ̀ lórí oògùn: kí ó gbẹ tánkì, kí ó sá àwọ̀n sí oòrùn, kí ó sì ya ọmọ ẹja tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Ní 2018, fáírọ́ọ̀sì ISKNV pa ẹja ẹpìyà inú àgò lọ rẹpẹtẹ ní adágún Volta ní Gánà. Mo gbà pé bí irú rẹ̀ yóò bá dé ọ̀dọ̀ wa, inú ọ̀rá ọmọ ẹja ni yóò gbà dé, títì ni yóò sì tọ̀. Mo bẹ àwọn dókítà ẹran ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, àti àwọn aláṣẹ ètò ọ̀gbìn Ìpínlẹ̀ Kàdúná, pé kí wọ́n fi odò sílẹ̀ ná, kí wọ́n lọ dúró níbi tí a ti ń já ọmọ ẹja, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọ̀lú.