Pápá Ìṣeré Súrùlérè: Ògo Àná, Ẹ̀kọ́ Òní

Kò sí ilé tó lè dúró títí láìsí ẹni tí ń tún un ṣe. Ìtàn Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Súrùlérè, Èkó, jẹ́rìí sí èyí.

Ìbàdàn ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà hàn. Ní 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Òde Ugbò àti gbogbo etíkun Ìlàjẹ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, kọ́ Pápá Ìṣeré Liberty. Níbẹ̀ ni Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, ti borí Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní 10 Oṣù Kẹjọ 1963. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa jà fún adé àgbáyé nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú.

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, Nàìjíríà fẹ́ fi han ayé pé òun ti di ọ̀kan padà. Wọ́n kọ́ ti Súrùlérè, tó gba 55,000 ènìyàn, fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ní Oṣù Kìíní 1973. Nàìjíríà na Gínì ní 2-0, ó sì gba wúrà bọ́ọ̀lù.

Ní 22 Oṣù Kẹta 1980, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Múdà Láwàl gbá ẹyọ kan, wọ́n na Àlgéríà ní 3-0. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ife Áfíríkà di tiwa.

Ṣùgbọ́n pápá yìí mọ ẹkún pẹ̀lú. Ní 12 Oṣù Kẹjọ 1989, Samuel Okwaraji, agbẹjọ́rò ọmọ ọdún 25, ṣubú lulẹ̀ nígbà tí a ń bá Àngólà gbá, ó sì kú. Ní Oṣù Kejì 2000, Kamẹrúùnù fi pẹnáritì gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba kọ́ pápá tuntun sí Àbújá fún ìdíje 2003. Ojú kúrò lára Súrùlérè. Koríko hù, àga fọ́, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ọtí gba àyíká rẹ̀. Nígbà tó yá, Olóyè Kessington Adébùtú gbà láti náwó sórí pápá náà. Ó yẹ kí a yìn ín, ṣùgbọ́n àánú ẹnì kan kò lè rọ́pò ojúṣe ìjọba.

Apẹja Òde Ugbò mọ̀ pé ọjọ́ tí a gbẹ́ ọkọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ parí. Bí a kò bá ń dí ibi tó ń jò, odò ni yóò gbé e mì. Kí ìjọba tó bá fẹ́ kọ́ pápá tuntun kọ́kọ́ sọ iye tí yóò máa ná sí ìtọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí owó ìwọlé àti ti ṣọ́ọ̀bù sì máa padà sórí pápá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọmọ wa yóò kàn máa gbọ́ ìtàn 1980 ni, wọn kò ní rí ibi tí wọn yóò ti kọ tiwọn.