Igi Ńlá Lórí Yìnyín: Jarome Iginla àti Orúkọ Yorùbá ní Kánádà

Ní Ìdànrè, inú fìríìjì nìkan ni omi ti ń dì. Ọmọ tí wọ́n bí sí ẹsẹ̀ àpáta ìlú náà lè dàgbà, kó sì darúgbó, láì rí odò kan tí ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Iginla níbẹ̀, ọmọdé pàápàá mọ ìtumọ̀ rẹ̀: igi ńlá. Ní ìlú Calgary, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ló ń pariwo orúkọ yìí fún sáà 16 ní pápá ìṣeré Saddledome, níbi tí omi ti dì gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn eléré.

Jarome Arthur-Leigh Adekunle Tig Junior Elvis Iginla ni orúkọ ẹni náà ní kíkún. Ìlú Edmonton ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 1977. Bàbá rẹ̀, Elvis Iginla, jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó lọ sí Kánádà nígbà èwe rẹ̀, tó sì di agbẹjọ́rò níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, Susan Schuchard, jẹ́ òyìnbó láti ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọwọ́ ni Jarome nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ pínyà. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló dàgbà sí ní ìlú St. Albert, tòun ti àwọn òbí ìyá rẹ̀. Rick Schuchard, bàbá ìyá rẹ̀, ló fi eré họ́kì hàn án.

Ènìyàn mẹ́fà ní í wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú họ́kì orí yìnyín: aṣọ́lé kan, àwọn méjì tó ń dènà ní ẹ̀yìn, àti àwọn mẹ́ta tó ń kọlu ọ̀tá níwájú. Bàtà tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, wọ́n á sì máa fi igi gbá rọ́bà líle pẹlẹbẹ kan kiri. Eré olówó gọbọi ni, àwọn aláwọ̀ dúdú kò sì pọ̀ nídìí rẹ̀. Ọjọ́ 18, oṣù Kìíní, ọdún 1958 ni Willie O'Ree di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá họ́kì nínú líìgì àgbà Amẹ́ríkà àti Kánádà, nígbà tó wọ aṣọ Boston. Nígbà tí àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ Jarome ń bi í léèrè ohun tí aláwọ̀ dúdú ń wá nídìí họ́kì, Grant Fuhr ló ń tọ́ka sí, aṣọ́lé aláwọ̀ dúdú tó gba ife ẹ̀yẹ Stanley pẹ̀lú Edmonton. Aṣọ́lé ni Jarome náà kọ́kọ́ jẹ́, kó tó bọ́ síwájú.

Pẹ̀lú ẹgbẹ́ Kamloops, ó gba ife ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́ Kánádà ní ọdún 1994 àti 1995. Dallas ló yàn án sínú líìgì àgbà, àmọ́ kí ọdún 1995 tó parí, wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Joe Nieuwendyk, ìlú mọ̀ọ́ká eléré Calgary. Ní sáà 2001 sí 2002, góòlù 52 ló gbá wọlé, kò sì sí ẹni tó tó o. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 2002, nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Salt Lake City, Kánádà fi góòlù 5 sí 2 na Amẹ́ríkà. Méjì nínú márùn-ún náà jẹ́ ti Iginla. Ó ti tó ọdún 50 tí Kánádà ti ń wá wúrà yẹn. Ọjọ́ náà ni Iginla di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú ìdíje náà.

Ọdún 2003 ni Calgary fi í jẹ balógun ikọ̀, nígbà tí aláwọ̀ dúdú tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá. Ní ọdún 2004, ó kó wọn dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Stanley. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje ni wọ́n gbá kí Tampa Bay tó gba ife náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní Vancouver lọ́dún 2010, òun ló na rọ́bà sí Sidney Crosby, tí ìyẹn fi gbá góòlù tó fún Kánádà ní wúrà mìíràn. Ó kúrò ní Calgary lọ́dún 2013, ó gba Pittsburgh, Boston, Colorado àti Los Angeles kọjá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ ife Stanley títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2018. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 1,554 ló gbá, góòlù 625 ló sì jẹ. Wọ́n dìbò yàn án sí Gbọ̀ngàn Àwọn Akọni Họ́kì ní ọdún 2020.

Àwọn mìíràn tí wọ́n bí sí Nàìjíríà ti rìn lójú ọ̀nà yìí, tí orúkọ wọn kò dún tó bẹ́ẹ̀. Rumun Ndur, tí wọ́n bí ní Zaria lọ́dún 1975, wà lára àwọn tó ń dènà ní ẹ̀yìn fún Buffalo, New York Rangers àti Atlanta. Iṣẹ́ wọn kì í sábà hàn nínú àkọsílẹ̀ góòlù. Òkènè, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni wọ́n ti bí Akim Aliu ní 1989. Ní ọdún 2019, Aliu sọ ní gbangba pé Bill Peters, tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá òun ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú, bú òun nítorí àwọ̀ ara òun. Peters tọrọ àforíjì, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Calgary, ilé Iginla àtijọ́, ni iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ náà wà.

Bí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti gba àmì ẹ̀yẹ, kíá ni a máa ń pè wọ́n ní ọmọ wa. Yorùbá sì ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Orúkọ ni Iginla rí gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Ìyá rẹ̀ àti àwọn òbí ìyá ló wò ó dàgbà, Kánádà ló ní pápá, Fuhr ló sì jẹ́ kó rí i pé ohun náà ṣeé ṣe. Ó dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ kò gbàgbé èyí. Fún góòlù kọ̀ọ̀kan tó bá gbá, ó ń fi owó ránṣẹ́ sí KidSport, àjọ tó ń bá àwọn ọmọ tálákà san owó eré ìdárayá. Dọ́là 1,000 ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ di 2,000.

Ìdànrè kò ní yìnyín, ṣùgbọ́n ó ní òkè. Nígbà ìṣàkóso Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó dá ayẹyẹ gígun òkè tí wọ́n pè ní MARE sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn àlejò sì wá láti òkèèrè. Ayẹyẹ a máa tán, àlejò a sì padà sílé. Ọmọ tó ń sáré gun òkè náà lójoojúmọ́ ṣì nílò bàtà, olùkọ́, àti àgbàlagbà kan tí yóò máa mú un lọ síbi ìdánrawò, bí Rick Schuchard ti ṣe fún ọmọ ọmọ rẹ̀, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ yóò dún.