Ogun Àdáni àti Ogun Àyálò: Bí Àjàṣẹ́ àti Àwọn Aládùúgbò Rẹ̀ Ṣe Ń Kó Ọmọ Ogun Jọ

Akron ni àdúgbò tó lọ́jọ́ lórí jù ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Ègùn ń pè ní Hogbonu, tí àwọn Potogí sì sọ ní Porto-Novo. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọdẹ Yorùbá mẹ́ta ló tẹ ibẹ̀ dó. Wọ́n bá òkìtì ọ̀gán kan pàdé nínú igbó, abàmì olórí mẹ́sàn-án sì jáde láti inú rẹ̀. Abori Mẹ́sàn-án ni wọ́n ń pè é, ojúbọ rẹ̀ ṣì wà ní Akron.

Bí èèyàn gba ti olórí mẹ́sàn-án gbọ́, bí kò sì gbà á gbọ́, ohun kan wà nínú ìtàn náà tí kò ṣe é fojú fò: ọdẹ ni wọ́n. Ìlú tí ọdẹ bá tẹ̀ dó ti ní ọmọ ogun kó tó ní ọjà. Ọdẹ mọ ọ̀nà igbó, ó lè sùn síbi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí, ó mọ ipasẹ̀ kà, ó sì ní ohun ìjà tirẹ̀ nílé. Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ni wọ́n máa ń rán ṣíwájú láti lọ ṣe alamí, àwọn náà ni wọ́n sì ń ṣọ́ ìlú lóru. Ṣùgbọ́n ọdẹ nìkan kọ́ ni ogun. Ogun tí yóò lọ dó ti odi ìlú mìíràn fún oṣù mẹ́ta ń fẹ́ oúnjẹ, ó ń fẹ́ ẹ̀tù, ó sì ń fẹ́ ẹni tí àpò rẹ̀ gbà á. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ìlú agbègbè yìí ti pínyà.

Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, Tẹ̀-Àgbànlìn ti ìdílé ọba Àlàdá bá àwọn èèyàn rẹ̀ dé, ó tọrọ ilẹ̀, ó sì dá ìjọba Ègùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ará Akron. Ìtàn ẹnu sọ pé nígbà tó ń sá bọ̀, tí àwọn ọ̀tá ń lé e, ó fi ewé àti koríko gbígbẹ bo ara rẹ̀, ó sì ń ké ní ohùn tí kò jọ ti èèyàn, títí àwọn tó ń lé e fi fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ní eégún Zangbetọ ti wá, ìyẹn èèyàn òru ní èdè Ègùn. Ìko ni wọ́n fi ń hun ún láti òkè dé ilẹ̀, bí òrùlé tó ń rìn. Lójú agbo, yóò pòyì títí, wọn yóò yí i lulẹ̀, wọn yóò sì fi inú rẹ̀ han gbogbo ènìyàn pé òfìfo ni. Nígbà mìíràn ère kékeré kan ni wọn yóò bá níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ni Zangbetọ ló ń ṣọ́ àdúgbò lóru, tó ń mú olè, tó sì ń gba owó ìtanràn. Agbára ẹgbẹ́ náà wà nínú ẹ̀rù tó ń dá ba àwọn ènìyàn. Fún iṣẹ́ abẹ́lé, ó tó. Kò lè dúró níwájú ọba tó ń da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sójú ogun.

Irú ọba bẹ́ẹ̀ ló wà ní Àgbómẹ̀, olú-ìlú Dàhòmì. Agaja ọba Dàhòmì kó Àlàdá ní 1724, ó sì kó Ouidah ní 1727. Ohun tó dáàbò bo Àjàṣẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn ni Ọ̀yọ́. Èbúté Àjàṣẹ́ ni Ọ̀yọ́ ń gbà ta ẹrú fún àwọn Òyìnbó, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí ọ̀nà náà. Ọ̀yọ́ ní àádọ́rin Ẹ̀ṣọ́, àwọn akọni ológun, ó sì ní ẹṣin. Ẹṣin kì í pẹ́ nínú igbó etídò nítorí àìsàn, ìdí nìyẹn tí ogun Ọ̀yọ́ fi máa ń wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí yóò sì padà kíákíá. Síbẹ̀ ó tó láti sọ Dàhòmì di ìlú tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ títí di àsìkò ọba Ghezo, tó kọ̀ láti san án mọ́ ní nǹkan bí 1823. Àjàṣẹ́ kò ní láti kó ogun tirẹ̀ jọ ní gbogbo ìgbà náà. Ọ̀yọ́ ń gbèjà rẹ̀, òun ń ṣòwò. Nígbà tí Ọ̀yọ́ fọ́, ìwà náà ti mọ́ ọn lára.

Bí ọ̀ta ayò ṣe ń fi sùúrù kó ọmọ sínú odù kan títí yóò fi tó yí ọpọ́n ká ni àwọn ọba Dàhòmì ṣe kó ogun tiwọn jọ. Ọba ló ń fún àwọn ọmọ ogun ní ìbọn àti ẹ̀tù. Wọ́n pín ogun sí apá ọ̀tún àti apá òsì: Gau ni olórí ọ̀tún, Posu ni olórí òsì. Àwọn alamí ọba a máa lọ bí oníṣòwò sí ìlú tí wọ́n fẹ́ kó, wọ́n á wo ibi tí odi ti tẹ́ àti àkókò tí àwọn ọkùnrin ń wà lóko.

Àwọn obìnrin ló sọ ogun náà di olókìkí jákèjádò ayé. Gbogbo wọn ni a kà sí aya ọba, kò sì sí ọkùnrin mìíràn tó gbọ́dọ̀ súnmọ́ wọn. Ghezo ló sọ wọ́n di ọmọ ogun gidi. Iṣẹ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ láàárín wọn: àwọn ọdẹ erin wà tí wọ́n ń dé adé irin tó ní ìwo méjì níwájú orí, àwọn oníbọn ló pọ̀ jù, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń ta ọfà, àwọn mìíràn sì ń gbé abẹ ńlá tó ń ṣẹ́ po bíi ti onígbàjámọ̀, àmọ́ tó gùn tó apá èèyàn. Frederick Forbes, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó lọ sí Àgbómẹ̀ ní 1849 àti 1850, fojú bù wọ́n sí 5,000. Richard Burton dé ibẹ̀ ní 1863, ó ní wọn kò ju 2,500 lọ. Ogun tí Dàhòmì gbé ti Abẹ́òkúta ní 1851 ti wáyé láàárín ìgbà méjèèjì.

Ní 1861, àlùfáà Ítálì kan, Francesco Borghero, rí bí wọ́n ṣe ń dán wọn wò. Lójú pápá ní Àgbómẹ̀ ni wọ́n ti to ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún jọ bí odi tó gùn tó nǹkan bí 400 mítà, ẹ̀gún ibẹ̀ sì gùn tó ìka ọwọ́. Odi náà ni wọ́n fi ṣe ìlú ọ̀tá. Nígbà tí ọba fún wọn láṣẹ, àwọn obìnrin fi ẹsẹ̀ lásán gun odi ẹ̀gún náà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára wọn, wọ́n rọ́ wọ òdìkejì, wọ́n mú àwọn tí wọ́n fi ṣe ọ̀tá lẹ́rú, wọ́n sì fà wọ́n wá síwájú ọba. Ẹ̀bùn tí ẹni tó láyà jù gbà ni àmùrè tí wọ́n fi ẹ̀gún ṣe. Eré ni, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kò fara sin: odi Abẹ́òkúta ni ọba ní lọ́kàn.

Àwọn Ẹ̀gbá kò ní irú ogun ọba bẹ́ẹ̀. Abẹ́òkúta, ìlú wọn tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1830, jẹ́ àkójọ ìlú kéékèèké, olúkúlùkù pẹ̀lú olórogun tirẹ̀, ó sì ṣòro kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan. Ohun tí wọ́n ní ni odi, yàrà àti àpáta. Dàhòmì kọ lù wọ́n ní oṣù kẹta 1851. Àwọn Ẹ̀gbá rí i nígbà tí wọ́n mú ọ̀tá kan pé obìnrin ni, inú wọn ru, wọ́n sì jà ju ti ìṣáájú lọ. Dàhòmì padà wá ní 1864, ìyà sì tún jẹ ẹ́. Kétu, ìlú Yorùbá tí kò ní alátìlẹ́yìn, ni ogun Dàhòmì wó palẹ̀ ní 1886.

Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn. Kò sí ọba tó ń bọ́ gbogbo ọmọ ogun. Ológun kọ̀ọ̀kan ló ń kó ọmọ ogun tirẹ̀, ẹrú, ìbátan àti àlejò tó ń wá oríire, ó ń fi oko rẹ̀ bọ́ wọn, ohun tí wọ́n bá kó lójú ogun ló sì ń sọ ọ́ di ọlọ́lá. Ìwà akin ni wọ́n fi ń gba oyè níbẹ̀, láti orí Balógun dé Ọ̀tún àti Òsì rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ogun náà kò gbọ́dọ̀ jókòó: ológun tí kò bá rí ibi kó kò ní rí owó ẹ̀tù san. Ẹ̀tù yìí ló sì so Ìbàdàn mọ́ Àjàṣẹ́. Ní 1877, nígbà tí ọ̀nà Èkó kò rọrùn, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, rán àwọn ènìyàn gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn lọ ra ẹ̀tù àti ohun ìjà ní Àjàṣẹ́. Àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ohun tí Látòósà fi gbé ogun ti Ẹ̀gbá nìyẹn, ìjà náà sì tàn dé ogun Kírìjí. Àjàṣẹ́ kò yin ìbọn kan, ẹ̀tù nìkan ló tà.

Ọba Tọfa gorí ìtẹ́ ní Àjàṣẹ́ ní 1874. Gẹ̀ẹ́sì ti yin àgbá lu ìlú náà ní 1861, ọba ìgbà náà sì ti sá sábẹ́ ààbò Faransé ní 1863. Wọ́n tún àdéhùn náà ṣe ní 1882. Nígbà tí Tọfa bá Àgbómẹ̀ jà tán, kò ní ogun tó lè kojú wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 1890, Faransé bá Dàhòmì pàdé ní Atchoukpa, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Nǹkan bí 500 ọmọ ogun Tọfa ló tẹ̀ lé wọn. Wọn kò pẹ́ tí wọ́n fi tú ká. Àwọn ọmọ ogun Faransé tò ní igun mẹ́rin, wọ́n ń yìnbọn, wọ́n sì ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi wọ ìlú.

Ogun tí Alfred Dodds, ọ̀gágun Faransé tí wọ́n bí ní Saint-Louis ní Senegal, kó jọ sí Àjàṣẹ́ ní 1892 jẹ́ àdàlù gbáà: àwọn ọmọ ogun àjèjì tí Faransé ń gbà síṣẹ́, àwọn ọmọ ogun Senegal, àwọn Haúsá, àti ọkọ̀ ogun lórí odò Wẹ̀mẹ̀. Alaárù ni ìpín Àjàṣẹ́. Àwọn ènìyàn Tọfa ló ru oúnjẹ, ọta àti àwọn tó fara gbọgbẹ́. Béhanzin, ọba Dàhòmì, náà ti ra ìbọn tí wọ́n ń kì láti ìdí lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì, ó sì ní àgbá, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣì ń lo ṣakabùlà. Láti Dogba ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, ìjà lórí ìjà ni, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn sì ni àwọn obìnrin náà kò rí ojútùú sí. Dodds wọ Àgbómẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá. Wọ́n kó Béhanzin lọ sí Martinique ní 1894.

Ogun tí Àjàṣẹ́ yá lọ́wọ́ Faransé yìí ná an ju ohun tí Ọ̀yọ́ gbà lọ. Tọfa wà lórí ìtẹ́ títí ó fi kú ní 1908, ṣùgbọ́n Faransé ló ń pàṣẹ, ó sì fi ìlú rẹ̀ ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Dàhòmì tí wọ́n gbà. Àwọn ogun yòókù ti túká: ibùdó Kírìjí tú ní 1893, ti Àgbómẹ̀ kò jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Zangbetọ nìkan ni Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, òun ló sì ṣì ń jáde lóru títí di òní.