Bàbá àti Ìyá, Bàbá tàbí Ìyá: Òfin Olùdíje Ààrẹ ní Côte d'Ivoire

Nínú ìwé òfin tí àwọn ará Côte d'Ivoire dìbò fún ní oṣù keje ọdún 2000, ẹsẹ̀ 35 ni ó sọ irú ẹni tí ó lè díje fún ipò ààrẹ: ọmọ bíbí orílẹ̀-èdè náà, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fúnra wọn jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀, tí kò sì gba ìwé ọmọ ìlú mìíràn lò rí. Nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ tó ṣe òfin náà gbé jáde, "tàbí" ni ó wà láàárín bàbá àti ìyá, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìdìbò tó kò, ìjọba ológun Ọ̀gágun Robert Guéï ti pa á rẹ́, wọ́n sì ti fi "àti" rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì ni àwọn méjèèjì ní èdè Faransé tí a fi kọ òfin náà, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ tí ó dá ìjà sílẹ̀ tó wọn ní ilẹ̀ náà láti ìgbà òmìnira.

Ohun tí ẹsẹ̀ òfin yìí ń bi àwọn òbí léèrè kò tíì sí nígbà tí a bí wọn. Ọdún 1893 ni Faransé sọ Côte d'Ivoire di kọ́lónì, ìyẹn ilẹ̀ tí àjèjì ń ṣàkóso. Ní 1932, wọ́n tú kọ́lónì Haute-Volta, tí í ṣe Burkina Faso lónìí, ká, wọ́n sì so apá tí ó tóbi jù nínú rẹ̀ mọ́ Côte d'Ivoire títí di 1947. Ẹni tí a bí sí Ouagadougou, tí í ṣe olú ìlú Burkina Faso lónìí, ní 1935, abẹ́ Côte d'Ivoire ni a bí i sí, kò sì sí ẹnikẹ́ni, ní àríwá tàbí ní gúúsù, tí ó ń jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire nígbà náà, nítorí pé ọmọ abẹ́ Faransé ni gbogbo wọn. Òfin oṣù Kejìlá 1961, tí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹni tí í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn òmìnira, sọ pé ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ náà jẹ́ ti ibẹ̀ àfi bí òbí rẹ̀ méjèèjì bá jẹ́ àjèjì. Ó túmọ̀ sí pé òbí kan ṣoṣo ti tó, ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ ẹni tí a ń pè ní àjèjì.

Nígbà ayé ààrẹ àkọ́kọ́, Félix Houphouët-Boigny, ìbéèrè náà kò ká ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé ohun tí ìjọba rẹ̀ ń sọ ni pé ẹni tó bá ro ilẹ̀ ni ó ni ín, àwọn àlejò sì pọ̀ nínú àwọn tí ń ro oko kòkó àti kọfí. Ètò ìkànìyàn ọdún 1998 fi hàn pé ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn olùgbé ibẹ̀, ó lé díẹ̀, ni kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anàgó níbẹ̀, wà lára wọn, pàápàá àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, débi pé ọkọ̀ ń ti Èjìgbò lọ sí Abidjan tààrà, owó séfà sì ń ná ní ọjà Èjìgbò. Ọmọ tí ará Èjìgbò méjì bá bí sí Treichville ní Abidjan, àlejò ni òfin kà á sí, bí kò tilẹ̀ tíì fẹsẹ̀ kan Èjìgbò rí.

Ikú Houphouët-Boigny ní oṣù Kejìlá 1993 ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Henri Konan Bédié, tí ó gba ipò rẹ̀, rí i pé Alassane Ouattara, olórí ìjọba láti 1990 sí 1993, lè bá òun du ìjókòó náà. Dimbokro, ìlú kan ní Côte d'Ivoire, ni a bí Ouattara sí ní 1942, ṣùgbọ́n Haute-Volta ni ó ti kàwé, orúkọ ibẹ̀ ni ó sì fi gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Òfin ìdìbò oṣù Kejìlá 1994 wá béèrè pé kí bàbá àti ìyá olùdíje jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun kan, ivoirité, ìyẹn jíjẹ́ ojúlówó ọmọ Côte d'Ivoire, sì gba ẹnu àwọn olóṣèlú àti ọ̀mọ̀wé kan. Ní 1999, adájọ́ kan ní Dimbokro fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí pé ọmọ orílẹ̀-èdè ni Ouattara. Láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n ti fagi lé ìwé náà, adájọ́ sì ti sá kúrò nílùú.

Àwọn ológun lé Bédié ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1999, ṣùgbọ́n òfin òbí kò bá a lọ. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé ẹgbẹ́ Ouattara fúnra rẹ̀ ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò gba ìwé òfin ọdún 2000, nítorí pé Ouattara takú pé ọmọ Côte d'Ivoire ni òbí òun méjèèjì, ẹsẹ̀ 35 kò sì bá òun wí. Ní oṣù Kẹwàá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ yọ orúkọ 14 kúrò nínú 19. Ti Ouattara wà níbẹ̀. Ti Bédié náà wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nítorí òbí ni wọ́n fi yọ ọ́. Laurent Gbagbo ló di ààrẹ.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2002, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìdajì àríwá ilẹ̀ náà, wọ́n sì ń sọ pé ìwé ìdánimọ̀ ni àwọn ń jà fún. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Linas-Marcoussis ní Faransé ní 2003 ní kí wọ́n dá "tàbí" padà. Gbagbo kò gbà títí di 2005, tí ó fi agbára pàjáwìrì jẹ́ kí Ouattara díje láìfọwọ́ kan ẹsẹ̀ 35. Ìdìbò náà kò wáyé títí di 2010, ìjà tí ó sì tẹ̀ lé e pa nǹkan bí 3,000 ènìyàn kí Ouattara tó jókòó sórí àga. Ìwé òfin tuntun tí wọ́n dìbò fún ní oṣù Kẹwàá 2016 ni ó dá "tàbí" padà ní ẹsẹ̀ 55, ṣùgbọ́n ó ní olùdíje kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn rárá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn yìí ni ó kan Tidjane Thiam, tí ó fẹ́ díje fún ipò ààrẹ ní 2025. Abidjan ni a bí i sí, Senegal ni a bí bàbá rẹ̀ sí, ẹgbẹ́ Bédié ni ó sì ń darí, ṣùgbọ́n ní àkókò yìí ilé ẹjọ́ kò bi í léèrè bàbá. Wọ́n ní ó gba ìwé ọmọ Faransé ní 1987, àti pé òfin 1961 ti sọ pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pàdánù jíjẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire. Ó ti kọ ìwé Faransé náà sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ilé ẹjọ́ kan ní Abidjan yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé olùdìbò, wọ́n sì dìbò ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá láìsí i níbẹ̀. Ouattara ló wọlé.